Láàárín Tú àti Tún

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde ní Ẹgbẹ́dá, ọmọ aládùúgbò mi kan gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ọdún kejì ní girama àgbà ló wà. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, tíṣà fún mi ní méjì nínú mẹ́wàá." Mo ka ìbéèrè náà: kọ ìpínrọ̀ kan láti ṣe ìtúpalẹ̀ ìlò àlùmọ́gàjí nínú ìtàn òkè yìí. Mo wá yíjú sí ìdáhùn. Ojú ìwé méjì gbáko! Ọmọ náà sọ ìtàn ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ àfi ohun tí wọ́n bi í.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà, kò ju ojú ìwé kan lọ, ó sì dára. Rónkẹ́ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ìgàndó. Àlùmọ́gàjí ọ̀gá (sísọ́ọ̀sì ni àwọn aránṣọ ń pè é, mo mọ̀) máa ń wà lórí ìṣó lókè ẹnu ọ̀nà, ọmọṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́ta ni Rónkẹ́ fi gbálẹ̀, tó fi gán bọ́tìnnì, tó fi ń sáré lọ ra oúnjẹ ọ̀gá. Lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, ọ̀gá gbàdúrà fún un, ó fún un ní sátífíkéètì, ó sì fi àlùmọ́gàjí tuntun lé e lọ́wọ́. Bí Rónkẹ́ ṣe ń jáde lọ, ó gbójú sókè. Ìṣó náà ṣófo. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí.

Mo bi ọmọ náà pé kí ni ìtúpalẹ̀. Ó ní, "Kéèyàn tún un sọ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni sà." Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Tú àti tún ti dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tún ni ká padà sí ohun tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀: a tún ilé kọ́, a tún ọ̀rọ̀ sọ. Tú ni ká já ìdè ohun tí a dì: a tú irun, a tú ẹrù, a tú àṣírí. Àtúnsọ ló kọ fún tíṣà. Ìtúpalẹ̀ ni tíṣà ń retí.

Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Kàtángówà, níhà Abúlé-Ẹ̀gbá, láàárọ̀ tí wọ́n bá tú béèlì. Oníbàárà tó gbọ́n kì í dúró ka iye aṣọ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni yóò fà yọ, yóò yí kọ́là rẹ̀ síta, yóò gbé e sójú oòrùn, yóò wo abíyá rẹ̀ bóyá ó ti ń ya, kó tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Bí ẹ bá ní kó gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò nàka sí ojú ibi tó ya. Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn, ẹ sì rí i pé "èyí tó tọ́" ń bẹ nínú orúkọ iṣẹ́ náà.

Ìpínrọ̀ pàápàá, ìpín ọ̀rọ̀ ni. Ìpín kan, ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ ti àlùmọ́gàjí, kó fi ti ìbùdó ìtàn àti ti orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ di ìpínrọ̀ mìíràn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni yóò ti sọ ohun tí òun rí, èyí tí ẹlòmíràn lè bá a jiyàn lé lórí. "Àlùmọ́gàjí wà nínú ìtàn yìí" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn sí, nítorí náà kò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyọlò, ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Yọ ọ́, kí o sì lò ó. Ohun tí mo ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ wa ni pé wọ́n ń yọ, wọn kì í lò. Wọn á da ìlà márùn-ún kọ láti inú ìtàn, wọn á fi àmì sí i níwájú àti lẹ́yìn, ó tán, ó di ìpínrọ̀ tó kàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, "ìṣó náà ṣófo", ti tó ọmọ yìí jẹun, bó bá lè sọ ohun tí òfo náà ń wí. Mi ò lòdì sí ẹni tó bá pè é ní àmì, ṣùgbọ́n lójú tèmi àrokò ni: ẹnìkan gbé ohun kan kúrò níbi kan kí ẹlòmíràn lè rí i kó sì yé e. (Ẹ má fi àrokò ṣe àròkọ o. Èyí tí a rò tí a sì kọ sílẹ̀ ni àròkọ.)

Ẹ tún kíyè sí ẹni tó ń sọ̀tàn. Ọmọ náà kọ ọ́ pé "òǹkọ̀wé gbójú sókè rí ìṣó." Rárá o, Rónkẹ́ ló gbójú sókè, asọ̀tàn ló ròyìn rẹ̀ fún wa, tíṣà tó kọ ọ́ wà nílé rẹ̀. Àṣìṣe yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà tó ti di aláìsàn, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé l'Ékòó gbà pé ẹni gidi ni. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe ni Sẹ̀gilọlá. Ẹni tó bá wá ń túpalẹ̀ àwọn lẹ́tà náà lónìí, tó kọ ọ́ pé Thomas jẹ́wọ́ àgbèrè, ó ti parọ́ mọ́ baba olóòtú.

Ọpẹ́ ni pé a kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní ìwé Èdè Ìperí Yorùbá ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì ní 1990. Ohun tó ń ṣe wá ni pé à ń ronú lédè Gẹ̀ẹ́sì kí a tó kọ Yorùbá. "Ìtàn yìí jẹ́ nípa" kò dùn létí. Ìtàn máa ń dá lé nǹkan ni. Ẹ̀dá-ìtàn kì í "ṣeré ipa", ipa ni ó ń kó. "Nínú ìparí" náà, ẹ gbé e sọnù, lákòótán wà níbẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni "èyí mú kí ìtàn náà dùn". Dídùn wo? Ẹ sọ bó ṣe dùn, àbí kí ẹ dákẹ́.

Òjò dá, ọmọ náà lọ, ó padà dé lálẹ́ pẹ̀lú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo:

"Àlùmọ́gàjí inú ìtàn yìí ju irinṣẹ́ lọ, òun ló ń fi hàn wá bí ọ̀gá ṣe fọkàn tán Rónkẹ́ tó. Fún ọdún mẹ́ta, ojú Rónkẹ́ ń tó o, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó o. A rò pé ọjọ́ fíríídọ̀mù yóò yí èyí padà, àfi bí asọ̀tàn ṣe ní 'ìṣó náà ṣófo'. Kò sọ pé ọ̀gá ń bẹ̀rù olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọmọ ní àlùmọ́gàjí tuntun, tó sì gbé tirẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ kan náà, ó yọ̀ǹda ọmọ, kò fọkàn tán an."

Mo fún un ní mẹ́sàn-án. Mo yọ máàkì kan nítorí pé nínú ìwé tirẹ̀, kò fi àmì sórí "ìṣó" bẹ́ẹ̀ ni kò fi sábẹ́ rẹ̀. "Iso náà ṣófo" ló kọ, ẹ sì mọ ohun tí ẹlòmíràn lè kà síbẹ̀.