Lọ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Mọremí Lẹ́nu Ará Ùgbò

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ń wá ibi tí o máa ti lo ìsinmi rẹ, pé Badagry ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń dárúkọ. Badagry ò burú. Ṣùgbọ́n bí o bá máa gba tèmi, gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, kó o já sí Òkìtìpupa, kó o lọ sọ̀ ní Igbókòdá. Ilẹ̀ Ìlàjẹ lo dé yẹn, Ùgbò sì ni kó o kọ́kọ́ béèrè.

Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo wa la kọ́ ìtàn Mọremí nílé ìwé: àwọn ará Ìgbò tó ń da ìko bora, tí wọ́n ń wá kó ará Ifẹ̀ lẹ́rú, tí Ifẹ̀ rò pé iwin ni wọ́n, Mọremí tó jẹ́ kí wọ́n mú òun, tó di ìyàwó ọba wọn, tó mọ àṣírí wọn, tó wá sá wálé sọ ọ́ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé ìko. Àwọn Ìgbò inú ìtàn yẹn kì í ṣe ará Ọ̀nìṣà o. Ará Ùgbò sọ pé baba ńlá àwọn ni. Wọ́n ní àwọn ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé ìjà ló lé wọn jáde, àti pé ìlú ara wọn ni wọ́n ń padà wá jà lé lórí, wọn ò lọ ja ìlú onílùú. Ifẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí Mọremí títí dòní. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mi ò ní yan èyí tí o máa gbà gbọ́ fún ọ. Ṣáà jókòó ti àgbà kan ní Ùgbò kó o gbọ́ tiwọn, kó o sì pa ẹnu mọ́ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo máa máa tún ìtàn ilé wọn ṣe fún wọn.

Bí o bá fẹ́ dé ààfin Olúgbò, ọba Ùgbò, ránṣẹ́ ṣáájú, má kàn já wọlé. Kúnlẹ̀ dáadáa. Fóònù rẹ, inú báàgì ni kó wà títí ẹnìkan á fi ní kó o yọ ọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mú ọ dé ojúbọ kankan, tí nǹkan oṣù bá wà lára rẹ, rọra sọ fún ìyá tó bá mú ọ lọ. Ó mọ ohun tí wọ́n gbà níbẹ̀ àti ohun tí wọn ò gbà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún gidi: má fi Ayélála ṣẹ̀fẹ̀. Ní Èkó, a lè sọ pé "Ayélála á mú ẹ" ká sì rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin kan gba ìyàwó oníyàwó, ó sá lọ bá àwọn tó wà lódìkejì odò, ìyẹn sì fẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti Ìjọ̀. Kí ìjà lè parí, ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀daràn náà. Orí ikú obìnrin yẹn ni ìhà méjèèjì dá májẹ̀mú lé, obìnrin náà sì di Ayélála, òrìṣà tó ń mú olè, alágbèrè àti ẹni tó dalẹ̀. Wọ́n gbà pé ikùn á wú, ẹsẹ̀ á wú, títí onítọ̀hún á fi jẹ́wọ́. Ó máa ń dùn mí, kí n má purọ́. Ọkùnrin jẹ gbèsè, obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló san án.

Ó yá, ká sọ ti oúnjẹ. Púpurú ni kó o jẹ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sì gbé e sórí iná kí èéfín mú un. Bí o bá rí i lórí àtẹ, o lè rò pé èédú ni. Dúró ti ìyá tó ń tà á kó o wò ó: ọ̀bẹ ló fi ń ha awọ dúdú yẹn kúrò, funfun báláú ló sì wà nínú, pẹ̀lú òórùn èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá rò ó tán, bu marúgbó lé e, ọbẹ̀ dúdú tó korò díẹ̀ yẹn, kí ẹja tútù wà nínú rẹ̀. Má béèrè ṣíbí.

Tó o bá ní àyè, wọ ọkọ̀ dé Ayétòrò létí òkun. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ aládùúrà kan dá a sílẹ̀, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan, tí wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò kan, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń hun aṣọ. Èmi ò lè gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn owó ara mi jù. Ṣùgbọ́n ìlú náà gbayì nígbà yẹn. Òkun ti gbé apá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ báyìí, ilé, ọ̀nà, gbogbo rẹ̀. Nítorí náà má dúró níwájú ilé tó wó kó o máa ya fọ́tò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ni ín lè wà lẹ́yìn rẹ. Mú gèlè dání láti fi bo orí, kó o sì múra láti bọ́ bàtà, o lè dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ti í wọ̀ ọ́.

Ti ojú omi wá kù. Má lọ nígbà tí òjò bá le, ìgbì kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. Wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì o, bó ti wù kó máa rùn tó. Bàtà gogoro, fi í sílé. Tọ̀ kó o tó wọ ọkọ̀, mo tún un sọ, tọ̀. Gbé omi mímu dání, nítorí omi yí wọn ká ṣùgbọ́n iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, má sì gbẹ́kẹ̀ lé POS, kó owó kéékèèké lọ́wọ́. Bí o bá ra ẹja yíyan bọ̀, di í ní ọ̀rá méjì mẹ́ta kó o tó wọ mọ́tò ní Igbókòdá. Ọ̀nà Èkó jìn, àwọn tí ẹ jọ jókòó kọ́ ló ní ẹja.