Ìpara Jẹ̀díjẹ̀dí àti Ìpara Awọ Ara: Bí A Ṣe Lè Lò Wọ́n Láì Fara Pa

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìtìjú pa á mọ́, ara wa ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí ni, àti ọ̀rọ̀ ìpara tí à ń fi sí ìdí tàbí sí ibi tí awọ ara bá ti bó, tí ó là, tàbí tí ó ń yún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ìwé ẹlẹ́sìn. Imran ọmọ Husayn, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àìsàn ìdí yìí gan-an ló ṣe é. Kò fi pamọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Ànábì bí òun yóò ṣe máa kírun, ìtàn náà sì wà nínú hadiisi tí Bukhari kó jọ. Nínú èsì tí ó gbà ni àwọn onímọ̀ ti mú un pé aláìsàn tí kò lè dúró lè jókòó kírun, tí ìjókòó bá sì ṣòro fún un, kí ó dùbúlẹ̀ kí i. Ẹ wo ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnìkan kò tijú láti bi, gbogbo aláìsàn ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí ni a kì í pè ní jẹ̀díjẹ̀dí? Bí ìbàdí bá ń dun ènìyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí inú bá ń kùn ún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ó bá rẹ ọkọ ìyàwó lóru, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni! Èyí tí ìpara wà fún kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí ihò ìdí ká ló máa ń wú, tí wọ́n á di kókó, nígbà mìíràn nínú, nígbà mìíràn lóde. Wọ́n lè máa yún, wọ́n lè máa dunni, ẹ̀jẹ̀ pupa sì lè kán tẹ̀lé ìgbẹ́. Ìgbẹ́ líle tí à ń fi agbára tì jáde ló sábà máa ń fà á, àti jíjókòó pẹ́, àti oyún. Awakọ̀ tí ó gbé èrò ní Ìkòròdú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un mọ́ Mile 12, tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n tí ó ń mú un mọ́ra, ọ̀nà rẹ̀ ló ń tọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí kò mu omi kí ó má baà máa wá ibi tí yóò ti tọ̀, òun náà ń tọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa ní ṣúgà ló ń fà á. Ṣúgà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń wú iṣan ìdí. Ní ti agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ egbò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Ògógóró ni lọ́pọ̀ ìgbà, Mùsùlùmí sì mọ ìdájọ́ rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí náà ti jẹ ìyà àìmọ̀kan. Làpálàpá mú mi ní abẹ́ itan. Mo ra ìpara kan lọ́wọ́ ọkùnrin tí ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì, tí ó ní ó ń wo làpálàpá, kúrúnà, jẹ̀díjẹ̀dí àti egbò papọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, yíyún náà lọ. Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ó padà wá, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún fi sí i. Báyìí ni mo ń bá a yí fún oṣù mẹ́rin, títí awọ itan mi fi fẹ́lẹ́, tí ìlà pupa bí ìlà ikùn aboyún fà sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan rí i pé yíyún mi dá ní kíákíá, ó gba túùbù náà lọ́wọ́ mi, ó ń fi sí ìdí tirẹ̀. Láìpẹ́, bí ó bá fi omi ṣe ìmọ́tótó báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni.

Dókítà tí mo lọ bá ní kí n mú túùbù náà wá. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún mi: betamethasone, clotrimazole, neomycin. Clotrimazole ń pa olú tí ń fa làpálàpá. Neomycin ń pa kòkòrò inú egbò, ṣùgbọ́n awọ àwọn mìíràn kì í gbà á, yóò máa yún ni. Betamethasone ni ọ̀gá wàhálà. Irú oògùn tí à ń pè ní steroid ni, ó sì lágbára. Yíyún àti pípọ́n tí a rí lójú awọ, ara ló ń bá àrùn jà. Steroid á pa ìjà náà mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó di ẹnu ajá tí ń gbó nítorí kí ó lè sùn, tí olè sì wà nínú ilé. Làpálàpá á máa tàn lábẹ́ rẹ̀, awọ á máa fẹ́lẹ́ sí i. Ibi tí awọ ti rọ̀ jù ni ó sì ti ń ṣe ọṣẹ́ jù: ojú, abẹ́ itan, abẹ́ apá, àti ìdí.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a sá fún gbogbo ìpara ìdí? Rárá o. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìdí wà, wọ́n sì wúlò. Òmíràn ní lidocaine tàbí cinchocaine, tí ń mú ìrora kú díẹ̀. Òmíràn ní zinc oxide, tí ń bo awọ kí omi àti ìgbẹ́ má ta á. Òmíràn ní hydrocortisone, steroid tí agbára rẹ̀ kéré, tí ń mú wíwú rọlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ń wo àìsàn náà tán nínú wọn. Wọ́n ń mú ara rọni ni, nígbà tí omi mímu, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso ń mú ìgbẹ́ rọ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ fi omi lásán wẹ ibẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, ẹ má sì bu oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ṣáláńgá sínú omi. Bí ó bá ń dunni, ẹ jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàfù fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún nínù líle. Ìpara tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ ti tó, láàárọ̀, lálẹ́, àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fi sínú, ẹnu ike tí ó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ fi tì í, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ ṣáájú, ẹ fọ ọ́ lẹ́yìn. Èyí tí ó ní steroid, bí ó ti wù kí agbára rẹ̀ kéré tó, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ láìrí dókítà. Ẹnì kan, túùbù kan. Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tí ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n bi agbẹ̀bí léèrè kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Ní ti awọ tí ó là tàbí tí ó bó, bí ọwọ́ àwọn ìyá tí ń ha ìpẹ́ ẹja nínú omi iyọ̀, òrí tàbí Vaseline lẹ́yìn tí a bá fi omi tútù fọ̀ ọ́ tí a sì nù ún gbẹ ló yẹ ẹ́. Kò sí ohun tí steroid fẹ́ ṣe nínú egbò tó yanu tàbí ojú iná. Ìdí ọmọ ọwọ́ tí ìtọ̀ ti jẹ, zinc oxide ló yẹ ẹ́. Oògùn làpálàpá tí ó ní salicylic acid, ẹ má gbé e dé ìdí láé. Yóò jó yín!

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ dákun, mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ọjọ́ nikáà wọn kù díẹ̀, tí wọ́n ń fi irú túùbù yìí sínú ìpara kí àwọ̀ ara lè mọ́lẹ̀. Ẹ yí páálí náà padà kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, oògùn àìsàn ni, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Awọ tí ó bá ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, egbò rẹ̀ kì í tètè san, rírán rẹ̀ sì máa ń ṣòro fún dókítà.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1993, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí oògùn yóò parí agbára. Òfin 1999 lórí ayédèrú oògùn ka títa oògùn nínú ọkọ̀, ní gáréèjì, lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú ọkọ̀ ojú omi léèwọ̀. Ọ̀dọ̀ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ lọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kí ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń béèrè nípa ìjọsìn. Ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tí ó bá jáde láti ojú ihò ìdí ń ba àlùwàlá jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kì í dá, kí ó bi ààfáà rẹ̀ nípa ìrọ̀rùn tí ẹ̀sìn fún un. Ìpara tí ó nípọn lórí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ kúrò kí omi lè kan awọ. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, èyí tí a fi sí òde kò ṣe ààwẹ̀ ní nǹkan. Àwọn onímọ̀ ní àríyànjiyàn lórí èyí tí a tì sínú, nítorí náà ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn ìṣínu.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ìpara á sì máa tan ẹni tí ó ní in pé òun ń tọ́jú ara òun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ìṣe ìgbẹ́ yín bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ọyún tàbí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí bí kókó náà bá jáde tí kò wọlé mọ́, ẹ má fi ọjọ́ falẹ̀. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Dókítà yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò fi ìka kan yẹ inú wò, kì í tó ìṣẹ́jú méjì. Arábìnrin lè béèrè fún dókítà obìnrin, tàbí kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì í. Kí ẹ sì mú túùbù tí ẹ ti ń lò dání, bó tilẹ̀ ti tán. Ọ̀rẹ́ mi ọjọ́ sí ti sọ tirẹ̀ nù kí ó tó lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni wọ́n fi ń wá ohun tí ó mú awọ ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́.