Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Kí Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?

Bí a bá dárúkọ mílíọ̀nù kan lónìí, òǹkà Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé a ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń tú àṣírí iye náà fún ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀.

Ọ̀kẹ́ kan ni àpò owó ẹyọ 20,000. Ogún lọ́nà mẹ́wàá ni igba. Igba lọ́nà mẹ́wàá ni ẹgbàá. Ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Àádọ́ta ní tirẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀ta wà nínú ọgọ́ta, nítorí ogún mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bí a ti yọ mẹ́wàá kúrò, ẹ̀ta náà pòórá.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Ogún jẹ́ 2×2×5. Ẹ̀wá jẹ́ 2×5. Àádọ́ta jẹ́ 2×5×5. Bí a bá kó gbogbo wọn jọ, èjì yóò jẹ́ mẹ́fà, àrún yóò jẹ́ mẹ́fà:

2×2×2×2×2×2 = 64
5×5×5×5×5×5 = 15,625
64×15,625 = 1,000,000

Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. A lè ṣàìmú èjì rárá, a sì lè mú un títí dé mẹ́fà: ọ̀nà méje nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrún. Nítorí náà, iye 7×7, èyí tí í ṣe 49, ni ó lè pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ láìṣẹ́ kù.

Kí ni èyí já mọ́? Ẹ wo Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ká ní wọ́n fẹ́ pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà dọ́gba: ìlú kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí ó wà nítòsí wọn bá ṣe ẹ̀kẹta ńkọ́? Ìlú kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kẹ́ 16, ọ̀kẹ́ méjì ṣẹ́ kù. Bí a bá tú ọ̀kẹ́ méjì náà pín, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 13,333, náírà kan ṣẹ́ kù. Bí a bá ṣẹ́ náírà náà sí 100 kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan yóò tún kù.

Ibi tí ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ta ni ó mú èyí tí ó kù? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúsàájú olùpín. Àìsí ẹ̀ta nínú iye náà ni. Kì í sì í ṣe ẹ̀ta nìkan. Bí a bá yọ oókan kúrò, 999,999 tí ó kù jẹ́ 3×3×3×7×11×13×37. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ẹni mẹ́ta, méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá tàbí mẹ́tàlá ni ó ń pín àádọ́ta ọ̀kẹ́, oókan ni yóò máa ṣẹ́ kù. Ó yẹ kí wọ́n fẹnu kò lórí oókan yẹn kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí owó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti ọdún 1887 ni Adolphus Mann ti tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí òǹkà wa jáde. Kí ni yóò wá mú àwa onílé sọ pé a kò lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a máa ka àádọ́ta ọ̀kẹ́ ní orúkọ rẹ̀, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti tú u.