Ẹni Tó Júwe Iṣẹ́ Kò Tíì Dúró Fún Un

Ìròyìn iṣẹ́ kì í sábà ti ọwọ́ àjèjì dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Àbúrò ìyá ẹni ló ń fi í ránṣẹ́, tàbí ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹni tí a jọ jáde ilé-ìwé. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ epo kan ń wá òṣìṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ jọjú, kí èèyàn kàn san ₦15,000 fún fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò gbèrò ibi. Ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí òun náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ti tẹ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà rí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oní-gbájúẹ̀ ti ń rí wa mú: ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú ara wa ni wọ́n ń gùn bí ẹṣin wọ inú ilé wa.

N kò ní kí ẹ má ti ọwọ́ ojúlùmọ̀ wá iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí á pẹ́ lórí ìlà. Ẹ máa kí àwọn tó ṣíwájú yín níbi iṣẹ́ yín, ẹ máa béèrè àlàáfíà wọn lọ́jọ́ tí ẹ kò ní ohunkóhun láti tọrọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ máa ya inú rere ẹni tó júwe iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òtítọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ bi í pé: “Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí? Ta lẹ mọ̀ tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ báyìí?” Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Àgbà tó fẹ́ràn yín kò ní bínú sí i.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó gbà yín síṣẹ́, ẹ sá fún un. Wọ́n lè pè é ní owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́, owó àyẹ̀wò ara tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kódà nígbà tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba ló gba irú owó bẹ́ẹ̀, a rí ohun tó bí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó lé ní 500,000 tú jáde fún ìdánwò iṣẹ́ àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ilẹ̀ Nàìjíríà (Immigration), iṣẹ́ tí kò tó 5,000. ₦1,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó wọn jọ sínú pápá ìṣeré ní Abuja, Port Harcourt, Benin, Minna àti ibòmíràn, èrò sì tẹ èèyàn pa. Ó kéré tán, àwọn 15 ló kú lọ́jọ́ náà. Àwọn tó lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n.

Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ẹ lọ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀, nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lóòótọ́ làwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń yá lò. Nọ́ńbà tó wà lójú ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ sọ àdírẹ́sì ibẹ̀ fún ará ilé, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán. Ẹ kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dáadáa, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Òun ló mọ̀ bóyá wọ́n ti san owó oṣù tó kọjá. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú gbọ̀ngán òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ bá ara yín, tí ẹ pọ̀ lórí àga, tí ẹnì kan nínú kóòtù ń wàásù ọrọ̀ fún yín, tó sì ní kí ẹ ra ọjà kí ẹ tún mú èèyàn méjì wá, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ọjà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Àwọn méjì tí ẹ bá mú wá, ẹ̀yin ni wọn yóò máa bi léèrè owó wọn.

Kò sí agbanisíṣẹ́ tó nílò nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, tàbí òǹkà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Kò sí.

Ti Ìlú Ọba ló ń dùn mí jù. Ilẹ̀ ìdílé ni àwọn kan tà kí wọ́n lè ra COS, ìwé onígbọ̀wọ́ láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ibẹ̀, fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nígbà míràn, ọmọ ìyá wọn tó ń gbé ní London ló wà láàárín. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1973 ní kí àwọn ajẹ́ńtì má ṣe gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, àfi nínú iṣẹ́ díẹ̀ bíi eré ṣíṣe àti ìfaṣọhàn. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ láti gba èèyàn láti òkè òkun wà nínú ìwé tí ìjọba wọn gbé síta fún gbogbo ayé. Pàtàkì ibẹ̀ nìyí: ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn fún gbígba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun. Ẹni tó bá ṣì ń gba owó irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Oṣogbo, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ló ń tà.

Tí iṣẹ́ bá wá bọ́ sí i, ẹ gba lẹ́tà. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí owó iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ àti iye ọjọ́ tí a fi ń kìlọ̀ kí a tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin yìí kò kan àwọn ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Tiwọn ni lẹ́tà tí wọ́n bá fọwọ́ sí, nítorí náà kí wọ́n kà á délẹ̀. Bí alábàáṣiṣẹ́ tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀ bá bẹ̀ yín kí ẹ ṣe onídùúró fún òun, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀ fún un. Bí ó bá kówó sá lọ, ẹ̀yin ni wọn yóò wá mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ máa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹ mọ ibẹ̀ tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gba owó rẹ̀, kó ké sí báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó fẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tó ti rí ìròyìn náà, ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan lè wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tó ń wá ₦15,000 tí yóò yá lọ́wọ́ báyìí.