Igi Irú: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígbìn àti Títọ́jú Rẹ̀

Ní ìpàdé wa kan, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ inú ilé, a bi àwọn tí ó jókòó pé, "Ta ni nínú wa tí kì í fi irú se ọbẹ̀?" Kò sí ẹni tí ó na ọwọ́. A tún bi wọ́n pé, "Ó dára. Ta ni nínú wa tí ó ti gbin igi irú rí?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà kan tí ó wá láti apá Òkè-Ògùn ni ó fọhùn nígbẹ̀yìn, ó ní, "Tíṣà, ta ní í gbin igi irú? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ń hù." Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó jẹ́ kí a yan ẹ̀kọ́ yìí.

Ìyá náà kò parọ́. Láti ayébáyé ni igi irú ti ń hù láìsí ẹni tí ó gbìn ín. Ẹyẹ àti ọ̀bọ a máa jẹ èso rẹ̀, wọn a sì tu kóró rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó ń lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà nínú èso náà a máa ṣe bákan náà. Bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko tuntun, yóò gé igi yòókù, ṣùgbọ́n yóò dá igi irú sí. Báyìí ni igi yìí ṣe kún inú ọ̀dàn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Kíṣì àti Ìgbẹ̀tì, títí wọ ilẹ̀ Ìlọrin. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ni ín o. Àwọn Hausa ń pè é ní dorowa, àwọn Bambara ní ilẹ̀ Mali sì ń pè é ní néré. Òyìnbó kan, Mungo Park, tí ó rin ìrìn àjò ní ìhà odò Ọya láàárín ọdún 1795 sí 1797, rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹ ìyẹ̀fun inú èso yìí. Ní ọdún 1826, Robert Brown fi orúkọ Park sọ ẹ̀yà igi náà, ó pè é ní Parkia. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àlejò ṣe wà lára igi tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń fi èso rẹ̀ se ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí àlejò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo inú oko lónìí. Àwọn igi irú tí ẹ ó rí níbẹ̀, àgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wá ọmọ igi tí kò ga ju ènìyàn lọ, yóò pẹ́ kí ẹ tó rí i. Bí ó bá hù lónìí, iná ẹ̀ẹ̀rùn yóò jó o, tàbí kí màlúù jẹ ẹ́, tàbí kí katakata tú u mọ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà igi pàápàá kò sì bọ́, nítorí àwọn tí ó ń sun èédú ń gé wọn. Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Àwọn ìyá tí ó ń ṣe irú ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní igi kankan, rírà ni wọ́n ń ra kóró. Bí kóró bá wọ́n, èrè wọn a dínkù, bẹ́ẹ̀ igi ìdáná àti omi tí wọ́n ń lò kò dínkù. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú. A kò bá wọn jà, oúnjẹ gidi ni sóyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ òórùn irú gidi nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí iṣẹ́. Nígbà tí àwa ṣì ń kọ́ni, a kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́ kí a lè gbin igi irú. A rí odidi àwo kóró, a sì jù wọ́n sí ilẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo. Òjò rọ̀ dáadáa, a retí títí, díẹ̀ kíún ni ó hù. Ní ọdún kejì, ẹnìkan sọ fún wa pé omi gbígbóná ni irúgbìn náà ń fẹ́. A gbé e lé iná, a sì jẹ́ kí ó hó fún ìgbà pípẹ́. Ó jinná, ẹ̀yin ìyá! Oúnjẹ ni a sè, kì í ṣe irúgbìn. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ náà fi wá ṣe títí di ìparí sáà.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà nìyí: èèpo kóró irú le bí egungun, omi kò tètè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe irú fi ń sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèpo náà tó lè bó. Bí omi kò bá wọlé, kóró kò ní hù, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó máa sùn. Nítorí náà, ẹ se omi kí ó hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da kóró sínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ kí omi náà tutù fúnra rẹ̀, kí kóró sì wà nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tí ó bá wú ti ṣe tán. Èyí tí kò bá wú, ẹ tún omi mìíràn se fún un. Bí kóró yín kò bá pọ̀, ọ̀nà kan tún wà tí ó dára jù: ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha orí sìmẹ́ǹtì tàbí pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó, títí ẹ ó fi rí funfun díẹ̀ lábẹ́ èèpo. Ẹ má ha apá ibi tí kóró ti so mọ́ èso rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ igi wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán di ọjọ́ kejì.

Ẹ má gbìn ín sínú agolo tí kò jìn. Olórí gbòǹgbò igi irú a máa sáré lọ sísàlẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó pọ̀ lókè. Bí ó bá kan ìdí agolo, yóò ká, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ bá sì ti ká láti kékeré kì í dúró dáadáa. Ọ̀rá dúdú gígùn ni kí ẹ lò, kí ẹ lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà. Kóró méjì nínú ọ̀rá kan tó, kí ó má jìn ju ìdajì ìka lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó rí i tí yóò yọjú. Bí méjèèjì bá hù, ẹ fà èyí tí kò lágbára tu. Ibi tí òòrùn kò ti pọ̀ jù ni kí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ rẹ̀ má di ẹrẹ̀. Ẹ máa gbé ọ̀rá náà kúrò ní ojú kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò má bàa gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀.

Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí òjò sì ti ń rọ̀ déédéé, ẹ gbé e lọ sí ojú ibi tí yóò máa wà. Kí ihò rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tí ó wà lára gbòǹgbò má ṣe tú. Láti igi kan dé èkejì, kí ó tó mítà 10, nítorí orí rẹ̀ a máa gbòòrò gan-an, ó sì lè ga tó mítà 20. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà lè wà láàárín wọn ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀, màlúù náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún tàbí pákó sọgbà yí i ká, ẹ má fi ọ̀la dá a. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ìdí rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì ha koríko yí i ká tó ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí iná má bàa ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ṣòro jù. Igi tí ó bá la ọdún mẹ́ta kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́.

A ní láti sọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí ó kan àwa fúnra wa. Lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì, a ń dáko díẹ̀ lórí ilẹ̀ ìdílé kan, a sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. A gbin ọmọ igi irú méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ oko náà. Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi wá hú gbogbo rẹ̀. Inú bí wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wa rọlẹ̀, a mọ̀ pé àwa ni a jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá yá ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n igi tí yóò pẹ́ lórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbìn láìtọrọ àyè, nítorí ẹni tí ó gbin igi lè wá sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi pẹ̀lú, onílẹ̀ ni ó ni èso igi irú tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń roko níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ bi onílẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ́, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ lò, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ta ni yóò máa ká èso rẹ̀, ta ni yóò sì máa tà á. Igi tí a gbìn láìsí àdéhùn yóò dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá so.

Ẹ ó béèrè pé ìgbà wo ni yóò so. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Àwa tí a ń kọ èyí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a sì ti ṣe ìṣirò náà fúnra wa, ẹ má wulẹ̀ bá wa ṣe é. Igi méjì wà lẹ́yìn ilé wa nísinsìnyí, orí ilẹ̀ tiwa. Ọ̀kan ti ga ju fèrèsé lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Òdòdó igi irú a máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa lórí okùn gígùn, òru ni ó sì ń là. Àdán ni olórí àwọn tí ó ń wá lá oyin inú rẹ̀, tí ó sì ń gbé àtíkè òdòdó láti igi kan dé èkejì kí ó lè so. Àwa náà ti jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa sọ òkò sí àdán nígbà kan, nítorí a kò mọ̀. Bákan náà, nígbà tí a bá ń ká èso, kí a má ṣe gé ẹ̀ka. Ọ̀pá gígùn tí a so dòjé mọ́ ni kí a fi já a.

Àkókò láti wá irúgbìn kò pẹ́. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni èso gbígbó máa ń pọ̀ lọ́jà ní apá Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Èso tí ó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ bó o fúnra yín, kí ẹ fọ ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yan kóró ńlá tí kòkòrò kò lu. Ẹ má ra kóró tí a ti bó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe irú láìbéèrè, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ti kan iná. Ẹni tí ó bá rí ju èyí tí ó nílò lọ, kí ó mú ìyókù wá sí ìpàdé, a ó wá ọ̀rá dúdú sílẹ̀.