Kòkòrò Tó Ń Jobì

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ bí omi, ohun tí à ń gbọ́ nínú ilé ni pé eyín ló ń hù tàbí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Eyín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, rotavirus ló ti wọ ìfun ọmọ náà. Ọdún 1973 ni Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò àìfojúrí yìí nínú ìfun àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní Melbourne, ní Ọsirélíà.

Ọwọ́ tó nu ìdí ọmọ, tí kò kan ọṣẹ kó tó bu oúnjẹ, ló ń gbé e dé ẹnu. Inú ìfun kékeré ní irun wẹ́wẹ́ bíi ti tówẹ̀lì, irun yìí ló ń fa omi àti oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Rotavirus a wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ṣóńṣó irun náà, a máa bí sí i níbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún yóò fi kú. Omi ò wá rí ohun tí yóò fà á mọ́. Kòkòrò náà tún ń tu májèlé kan tó ń mú kí ìfun fúnra rẹ̀ máa da omi àti iyọ̀ síta.

Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ. Flagyl àti àwọn oògùn apakòkòrò mìíràn kò ran rotavirus. Ìfun yóò hu sẹ́ẹ̀lì tuntun láàrin ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí omi má tán lára ọmọ kó tó dìgbà náà.

Ẹ po ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú, sínú lítà 1 omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ṣúgà nítorí jẹ̀díjẹ̀dí, ṣúgà yìí ló ń mú iyọ̀ wọlé, tí omi sì ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má kàn fi kún un, nítorí àpọ̀jù ṣúgà ń fa omi padà sínú ìfun. Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ béèrè síńkì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn yá.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti ọdún 2022 ni àjẹsára rotavirus ti wà lára èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ má pa ọ̀kankan jẹ, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ.