Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Rí Ẹ̀kọ́ Kọ́ Nínú Eré àti Ẹgbẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ń jiyàn nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, tàbí tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ka iye ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ti gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́, èsì a wọ́n lẹ́nu wọn.

Ní 1910, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Dewey, tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ti ń ronú. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ibi tí nǹkan bá ti rú ni lójú ni ìrònú tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀ràn dojú rú gan-an ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò jù.

Ẹ wo ọmọ Síkáòtù kan tí a fi ṣe olórí àwọn tí ń pọn omi ní àgọ́. Ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ kékeré, òun fúnra rẹ̀ kò sì ru garawa kan. Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn; oúnjẹ alẹ́ pẹ́, ebi sì pa gbogbo àgọ́. Bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Mo ti kọ́ bí a ti ń ṣe olórí,” kò tí ì kọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó bi ara rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Èkíní: kí ni ó ṣẹlẹ̀, láìbùmọ́, láìyọ kúrò? Èkejì: kí ni èmi ṣe tí ó fà á? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta: kí ni n ó ṣe ní ọ̀la? “N ó ṣe dáadáa sí i” kò tó. “Èmi ni n ó kọ́kọ́ ru garawa” ni ìdáhùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, kí ó tún ìwé náà kà, kí ó wò ó bóyá òun mú ọ̀rọ̀ òun ṣẹ.

Kí olùkọ́ àti òbí kíyè sára: bí a bá na ọmọ nítorí òtítọ́ tí ó kọ, irọ́ ni yóò máa kọ láti ọjọ́ náà lọ. Ife ẹ̀yẹ a máa dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.